Eré Gọ́ọ̀fù Alájùmọ̀gbá: Ọ̀nà Mẹ́ta tí a fi ń Dán Àjọṣe Wò

Bí ènìyàn bá dúró ní ẹ̀bá pápá tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí ni ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó dúró ti bọ́ọ̀lù kékeré kan, tí ó na ọ̀pá sókè, tí kò sì sí ẹni tí ó lè bá a gbá a. Bọ́ọ̀lù náà kì í sáré, alátakò kankan kì í gbà á mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bí ó bá sì ṣìnà, kò sí ẹni tí ẹ̀bi yóò wà lórí rẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ó gbá a. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ṣe ń wí pé eré anìkanṣe ni gọ́ọ̀fù, eré ẹni tí kò fẹ́ ní alábàáṣe. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Ọ̀nà kan wà tí a ń gbà gbá eré yìí ní ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, ó sì ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ọ̀nà náà ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ń bá ẹlòmíràn dá owó pọ̀, tí ń bá ẹlòmíràn ra ọjà, tàbí tí ń bá ẹlòmíràn jókòó nínú ìgbìmọ̀.

Fún àǹfààní àwọn tí kò tíì mọ eré náà, ẹ jẹ́ kí a là á yé wọn ní ṣókí. Ihò méjìdínlógún ni ó wà lórí pápá, ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì. Láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan ni ènìyàn yóò ti fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, yóò sì máa tẹ̀ lé e lọ gba inú koríko, ẹ̀bá igi àti kòtò oníyanrìn kọjá, títí bọ́ọ̀lù náà yóò fi bọ́ sínú ihò. Ọ̀nà méjì ni a fi ń mọ ẹni tí ó borí. Ní ti èkíní, a ó ka iye ìgbà tí olúkúlùkù gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ihò, a ó sì ro ó pọ̀. Ní ti èkejì, èyí tí à ń lò nínú ìdíje ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ihò kọ̀ọ̀kan ni ogun tirẹ̀: ẹni tí ó bá fi ẹ̀ẹ̀mẹ́rin gbá a wọlé nígbà tí èkejì rẹ̀ fi ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ó ni ihò náà, bí wọ́n bá gbá iye kan náà, wọ́n ta ọ̀mì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí nídìí ọpọ́n ayò. Bí ẹnì kan bá fi ihò mẹ́ta ṣíwájú nígbà tí ó ku ihò méjì péré, ìjà ti parí, wọn a sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé bí ènìyàn tilẹ̀ fi ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá gbá bọ́ọ̀lù ní ibì kan, ihò kan ṣoṣo náà ni ó pàdánù. Ó lè nu ojú rẹ̀ nù, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní ihò tí ó kàn.

Ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, níbi tí eré yìí ti fìdí múlẹ̀, ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ láti ìran dé ìran. Wọ́n ní ní ọdún 1682, James, Duke ti York, àbúrò ọba, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ wá jọba ní ọdún 1685, ń gbé ní ìlú Edinburgh, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ láàrin òun àti àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì méjì nípa gọ́ọ̀fù. Wọ́n gbà láti fi eré parí ọ̀rọ̀ náà ní pápá Leith, ẹni méjì sí ẹni méjì, owó ńlá sì wà nílẹ̀. Ọmọ ọba náà lè mú ìjòyè èyíkéyìí tí ó bá wù ú láàfin. Ta ni kò ní fi ayọ̀ tẹ̀ lé e? Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bèèrè ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá jùlọ, wọ́n darí rẹ̀ sí oníbàtà kan tí kò rí já jẹ, John Paterson ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọba mú oníbàtà, àwọn méjèèjì borí, ó sì fún un ní ìdajì owó náà. Owó yìí ni wọ́n ní Paterson fi kọ́ ilé ní òpópó Canongate. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni èyí: nígbà tí a bá ń yan alábàáṣe, ọwọ́ ni à ń wò, a kì í wo fìlà.

Láti ìgbà wọ̀nyí wá ni ìdíje ẹgbẹ́ ti pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní foursomes: ẹni méjì ń bá ẹni méjì díje, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni àwọn méjì tí ó wà ní ìhà kan ní. Èkejì ni fourball: ẹni mẹ́rin náà ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni ó ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni singles, ẹnì kan sí ẹnì kan, tí a ó sì wá kó èrè gbogbo wọn pọ̀ fún ẹgbẹ́. Kí ó lè rọrùn fún wa, a ó máa pè wọ́n ní ìdíje bọ́ọ̀lù kan, ìdíje bọ́ọ̀lù méjì-méjì, àti ìdíje ẹnì kan sí ẹnì kan.

Ibi tí ayé ti ń rí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pọ̀ jùlọ ni ìdíje Ryder Cup. Oníṣòwò ni ó dá a sílẹ̀, inú àwọn oníṣòwò tí ń ka ìwé ìròyìn yìí yóò sì dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Samuel Ryder ni orúkọ rẹ̀, ará ìlú St Albans ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irúgbìn ni ó ń tà, ó ń dì í sínú àpò ìwé kéékèèké ní kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Kọ́bọ̀ kan, kọ́bọ̀ kan ni ó fi di ọlọ́rọ̀. Nígbà tí ó dàgbà ni ó tó mọ gọ́ọ̀fù, ìfẹ́ eré náà sì wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ife wúrà kan lélẹ̀ kí àwọn ògbóǹtarìgì Bìrìtéènì àti ti Amẹ́ríkà máa dù ú. Ìdíje àkọ́kọ́ wáyé ní ọdún 1927 ní ìlú Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Amẹ́ríkà sì borí pẹ̀lú 9½ sí 2½. Nígbà náà, ìdíje bọ́ọ̀lù kan mẹ́rin àti ìdíje ẹnì kan sí ẹnì kan mẹ́jọ ni ó wà, àpapọ̀ àmì sì jẹ́ 12.

Ogun dá ìdíje náà dúró láti ọdún 1939. Nígbà tí ogun parí, owó ti tán lọ́wọ́ àwọn ará Bìrìtéènì. Oníṣòwò mìíràn ni ó sì tún gbà á là. Robert Hudson, oníṣòwò èso ní ìlú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, ni ó san owó ìrìn-àjò wọn ní ọdún 1947 kí okùn náà má bàa já. Amẹ́ríkà nà wọ́n ní 11 sí 1, ṣùgbọ́n okùn kò já. Ní ọdún 1963 ni wọ́n fi ìdíje bọ́ọ̀lù méjì-méjì kún un. Ní ọdún 1979, nítorí pé agbára àwọn ará Bìrìtéènì àti Ireland kò ká Amẹ́ríkà mọ́, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará Yúróòpù yòókù, àpapọ̀ àmì sì di 28: mẹ́jọ láti inú ìdíje bọ́ọ̀lù kan, mẹ́jọ láti inú ìdíje bọ́ọ̀lù méjì-méjì, méjìlá láti inú ìdíje ẹnì kan sí ẹnì kan. Ẹni méjìlá ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹni mẹ́jọ ni ó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́rin a sì jókòó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, olúkúlùkù ni yóò jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn.

Ìdíje bọ́ọ̀lù kan ni ó le jù. Bí èmi bá gbá bọ́ọ̀lù náà, ìwọ ni yóò gbá a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà èmi, lẹ́yìn náà ìwọ, títí yóò fi wọ ihò. Ẹnì kan nínú wa ni yóò bẹ̀rẹ̀ ihò kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kejì yóò bẹ̀rẹ̀ ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà. Bí ẹnì kan bá gbá a nígbà tí kì í ṣe àsìkò tirẹ̀, ìhà wọn pàdánù ihò náà. Ẹ kíyè sí i: ibi tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù sí ni ìwọ yóò ti gbá a. Bí mo bá gbá a sínú igbó, ẹsẹ̀ rẹ ni ẹ̀gún yóò gún. Bí mo bá gbá a sí ibi tí ó tẹ́jú, ìwọ ni yóò jẹ adùn rẹ̀. Ènìyàn lè fi wákàtí kan rìn láìṣe àṣìṣe kankan, kí ó sì máa pàdánù. Nítorí náà ni àwọn àgbà eré yìí ṣe máa ń kìlọ̀ fún ọ̀dọ́ pé kí ó má ṣe máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ṣìnà. Kì í ṣe pé wọ́n kọ ìwà pẹ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti ń rán ẹnì kejì rẹ̀ létí àṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀rù yóò sì wọ ọwọ́ àwọn méjèèjì. Kí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àṣìṣe yóò wà, kí wọ́n sì máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó sàn.

A rí àpẹẹrẹ èyí ní ọdún 2004 ní pápá Oakland Hills ní ìpínlẹ̀ Michigan. Olórí ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, Hal Sutton, ní àwọn akọni méjì tí gbogbo ayé mọ̀, Tiger Woods àti Phil Mickelson. Ó rò ó pé bí òun bá so àwọn méjèèjì pọ̀, kò sí ẹni tí yóò lè dúró níwájú wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, nínú ìdíje bọ́ọ̀lù méjì-méjì, wọ́n pàdánù. Ní ọ̀sán, nínú ìdíje bọ́ọ̀lù kan, wọ́n tún jáde. Wọ́n bá àwọn alátakò wọn dé ihò ìkẹyìn láìsí ẹni tí ó ṣíwájú. Níbẹ̀ ni Mickelson ti gbá bọ́ọ̀lù lọ sí ẹ̀bá ọgbà, Woods kò sì rí ọ̀nà gbá a láti ibẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún pàdánù. Yúróòpù borí ní 18½ sí 9½. Àwọn àgbà wa ti wí i tẹ́lẹ̀ pé àgbò méjì kì í mu omi nínú akèrègbè kan náà.

Ẹ fi èyí wé àwọn ọmọ Spéìn méjì, Seve Ballesteros àti José María Olazábal. Láti ọdún 1987 títí di ọdún 1993, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n jùmọ̀ jáde nínú ìdíje yìí. Wọ́n borí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n pàdánù. Ọwọ́ Ballesteros kò dúró sójú kan: bọ́ọ̀lù rẹ̀ a máa lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò, ṣùgbọ́n kò sí kòtò tí kò lè ti inú rẹ̀ jáde. Olazábal jẹ́ ọmọdé sí i ní ọdún mẹ́sàn-án, ìbínú tàbí ẹ̀rù kò sì hàn lójú rẹ̀ nígbà tí ó bá rí ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sí. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe òkìkí nìkan.

Ìdíje bọ́ọ̀lù méjì-méjì yàtọ̀. Níhìn-ín olúkúlùkù ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀, èyí tí ó bá dára jù nínú ti àwọn méjì ni a ó kà fún ìhà wọn. Bí mo bá fi ẹ̀ẹ̀mẹ́rin wọlé, tí ìwọ fi ẹ̀ẹ̀méje, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni a ó kọ sílẹ̀, tìrẹ a sì di ìgbàgbé. Òfin tilẹ̀ gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dúró fún ìhà rẹ̀ bí ẹnì kejì kò bá tíì dé. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí ẹnì kan kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù tirẹ̀ sí ibi tí kò léwu, kí ẹnì kejì wá lè gbá tirẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà láìbẹ̀rù odò tàbí iyanrìn. Adùn rẹ̀ pọ̀, àwọn òǹwòran sì fẹ́ràn rẹ̀. Àṣìṣe ẹnì kan kì í pa ẹnì kejì lára.

Ní ti ìdíje ẹnì kan sí ẹnì kan, ènìyàn a rò pé àjọṣe ti tán níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1969, ní pápá Royal Birkdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ méjèèjì wà ní ọgbọọgba, 15½ sí 15½, ó sì ku ẹni méjì péré lórí pápá, Jack Nicklaus ará Amẹ́ríkà àti Tony Jacklin ará Gẹ̀ẹ́sì. Ní ihò ìkẹyìn, Nicklaus gbá tirẹ̀ wọlé. Ti Jacklin kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ihò lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá tàsé, ẹ̀gàn rẹ̀ yóò bá a dé ọjọ́ alẹ́. Nicklaus kò jẹ́ kí ó gbá a. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú àmì rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì fi bọ́ọ̀lù náà jìn ín. Òfin eré náà ni pé ohun tí a bá ti fi jin ènìyàn báyìí, ẹni tí ó fi jin ni kò lè gbà á padà, ẹni tí a fi jìn kò sì lè kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀mì àkọ́kọ́ nínú ìtàn ìdíje náà ṣe wáyé, 16 sí 16. Inú Sam Snead, olórí ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, kò dùn sí i, nítorí pé àmì tí Nicklaus fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni ó gba ife náà ní ọdún 1967, ọwọ́ wọn ni ó sì wà síbẹ̀; ìwà ọmọlúwàbí Nicklaus ni ayé kò gbàgbé.

Òmíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1993 ní pápá The Belfry. Wọ́n ti ní àdéhùn pé olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi orúkọ ẹnì kan sínú àpò ìwé. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn ní ìhà kejì ní ọjọ́ ìkẹyìn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àpò ìwé yóò jókòó, wọn a sì pín àmì náà sí méjì. Ẹsẹ̀ ń dun Sam Torrance ti Yúróòpù, kò lè jáde. Ojú ń ti Tom Watson, olórí ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà, láti yan ẹni tí yóò jókòó. Nígbà náà ni Lanny Wadkins, tí kò sí lára àwọn tí ó kéré nínú wọn, tọ̀ ọ́ lọ pé kí ó kọ orúkọ òun. Amẹ́ríkà borí ní 15 sí 13. Ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní ọjọ́ náà wà lára àwọn tí ó ṣẹ́gun.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kan yìí kò já mọ́ nǹkan, kí ó wo ìṣirò. Ní ọdún 2023, ní Róòmù, nínú àmì mẹ́jọ ìdíje bọ́ọ̀lù kan, Yúróòpù kó méje, wọ́n sì borí ní 16½ sí 11½. Ní ọdún 2025, ní pápá Bethpage ní ìpínlẹ̀ New York, Yúróòpù kó mẹ́fà nínú mẹ́jọ náà. Nígbà tí ọjọ́ méjì tí a ń jáde ní méjì-méjì fi parí, Yúróòpù ní 11½, Amẹ́ríkà ní 4½. Ní ọjọ́ kẹta, tí olúkúlùkù ń dá jáde, Amẹ́ríkà gba 8½, Yúróòpù gba 3½. Ẹ rí i pé nígbà tí wọ́n dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Amẹ́ríkà ni ó lágbára. Ṣùgbọ́n nígbà tí a so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, agbára náà fò lọ. Yúróòpù gba ife náà ní 15 sí 13.

Àwọn kan a máa wí pé kí a pa ìdíje bọ́ọ̀lù kan tì, nítorí pé ẹni tí ó san owó láti wá gbá gọ́ọ̀fù kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbá ìdajì rẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n ní Muirfield ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, níbi tí ẹgbẹ́ tí ó kọ òfin gọ́ọ̀fù sílẹ̀ ní ọdún 1744 fìdí kalẹ̀ sí, ìdíje yìí ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yàn láàyò. Ó yá ju èkejì lọ nítorí pé bọ́ọ̀lù méjì péré ni ó wà lórí pápá, ó sì ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó lè kọ́ ọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò, òwò àjọṣe pẹ̀lú pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn méjì lè jùmọ̀ yá ṣọ́ọ̀bù kan, kí olúkúlùkù máa ta ọjà tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù méjì-méjì ni èyí, bí ọjà ẹnì kan kò bá tà, ti ẹnì kejì lè gbé owó ilé. Àwọn mìíràn wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń dá ra, ó ń dá tà. Ẹnì kan sí ẹnì kan ni, orúkọ rere nìkan ni wọ́n jùmọ̀ ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan bá ń rin ìrìn-àjò lọ ra ọjà, tí ẹnì kejì sì jókòó sí ìsọ̀ láti tà á, bọ́ọ̀lù kan ni wọ́n ń gbá. Ohun tí èkíní bá rà ni èkejì yóò tà, ìbáà dára, ìbáà bàjẹ́. Iye tí èkejì bá tà á ni èkíní yóò tún mú lọ sí ọjà. Ìjà tí ó ń tú ọ̀pọ̀ àjọṣe ká kò ti ọ̀dọ̀ olè wá nígbà gbogbo. Ó máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó wọ òwò bọ́ọ̀lù kan pẹ̀lú ọkàn bọ́ọ̀lù méjì-méjì, tí ó rò pé àṣìṣe ẹnì kejì òun kò ní kan òun, tí ó sì ń bínú nígbà tí ó bá kàn án.

Nítorí náà, kí a tó da owó pọ̀, kí a kọ́kọ́ bèèrè irú eré tí a fẹ́ gbá. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù kan, kí a má ṣe wá ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Kí a wá ẹni tí a lè ti inú kòtò gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀ búburú, tí òun náà yóò sì lè gbà á lọ́wọ́ wa bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá wẹ òsì, tí òsì sì wẹ ọ̀tún, nígbà náà ni ọwọ́ ń mọ́.